Ẹ̀kọ́ Inú Igbó: Àwọn Tó Fi Ilẹ̀ Kambolé, Tchamba àti Sokodé Ṣe Ilé-Ìwé

Ní ọdún 1908, onímọ̀ ewéko kan tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Harms tẹ àpèjúwe ẹ̀wà kan jáde ní orílẹ̀-èdè Jámánì. Ẹ̀wà náà kì í so lókè bí ẹ̀wà ìyókù. Abẹ́ ilẹ̀ ni èso rẹ̀ ti ń gbó, bíi ti ẹ̀pà. Harms ṣẹ̀dá orúkọ tuntun fún un ní èdè Látìn: Kerstingiella geocarpa. Apá kejì orúkọ náà sọ ohun tí ojú rí, pé inú ilẹ̀ ni ó ń so sí. Apá kìn-ín-ní kò sọ ohunkóhun nípa ẹ̀wà rárá. Orúkọ ènìyàn ni ó gbé dúró, orúkọ Dókítà Kersting, ará Jámánì tó jẹ́ alákòóso agbègbè Sokodé àti Bassar, ẹni tó máa ń kó ewéko ilẹ̀ yìí ránṣẹ́ sí Berlin.

Ẹ jẹ́ kí a dúró díẹ̀ níbí. Ẹ̀wà yìí kì í ṣe ewéko tí ẹnìkan ṣèèṣì kọsẹ̀ lára rẹ̀ nínú igbó. Ohun ọ̀gbìn ni. Kí ó tó dé Berlin, àwọn àgbẹ̀, lọ́kùnrin àti lóbìnrin, ti ń ṣa irúgbìn rẹ̀ ní ọdọọdún. Wọ́n mọ irú ilẹ̀ tó fẹ́, wọ́n mọ ìgbà tí a ń gbìn ín, wọ́n sì mọ bí a ṣe ń tọ́jú rẹ̀ kí kòkòrò má baà bà á jẹ́. Àwọn tó ṣe iṣẹ́ yẹn kò sí nínú orúkọ náà. Èyí tó tẹ̀lé e tilẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ pani lẹ́rìn-ín. Ní 1910, Auguste Chevalier, onímọ̀ ewéko ará Faransé, fún ẹ̀wà kan náà ní orúkọ mìíràn láti ìhà Dahomey: Voandzeia poissonii. Orúkọ Faransé kan, Poisson, ni òun náà fi dá a lọ́lá. Bẹ́ẹ̀ ni ẹ̀wà kan ṣoṣo ṣe di ti Jámánì ní ìhà kan ààlà, tó sì di ti Faransé ní ìhà kejì. Ní 1977 ni wọ́n tó tò ó sí abẹ́ orúkọ tó ń jẹ́ nínú ìwé lónìí, Macrotyloma geocarpum. Ní gbogbo àkókò yìí, àwọn Fọ̀n ń pè é ní doyiwé, wọ́n sì ń tà á lọ́jà láìbéèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Ìtàn ẹ̀wà yìí ni mo fi ṣáájú, nítorí ó gbé gbogbo ọ̀ràn tí mo fẹ́ sọ sínú ara rẹ̀. Ó ti lé ní 130 ọdún tí àwọn àlejò ti ń gbé ìwé àti gègé wá sí àárín gbùngbùn Tógò láti kọ́ nípa igi, ẹranko àti ilẹ̀. Ṣáájú wọn ni ilé-ìwé mìíràn ti wà níbẹ̀ tí kò ní ìwé. Ẹni tó bá fẹ́ kọ ìtàn ẹ̀kọ́ yìí gbọ́dọ̀ bi ara rẹ̀ léèrè ohun mẹ́ta: ta ni ó wọ inú igbó lọ kọ́ ẹ̀kọ́? Èdè wo ni ó fi gbé ohun tó kọ́ lọ sílé? Ǹjẹ́ ẹni tó kọ́ ọ sì tún láyè láti wọ inú igbó náà lẹ́yìn rẹ̀?

Láti Sokodé, ìlú àwọn Tem tí ọ̀pọ̀ ń pè ní Kotokoli, ọ̀nà kan lọ sí ìhà ìlà-oòrùn dé Tchamba. Kambolé wà ní ìhà gúúsù Tchamba, kò jìnnà sí ààlà Benin. Àwọn ará Kambolé ń sọ ọ̀kan nínú àwọn ẹ̀ka èdè wa; àwọn onímọ̀ èdè ka ọ̀rọ̀ ẹnu wọn mọ́ ti Manigri, tó wà ní ìhà Benin, wọ́n ní ẹ̀ka kan ṣoṣo ni. Àdéhùn tí Faransé àti Jámánì fọwọ́ sí ní Paris ní oṣù keje ọdún 1897 ni ó fi ìlú méjèèjì sí abẹ́ ìjọba ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Ilẹ̀ náà kò yí padà nítorí àdéhùn. Ní ìhà méjèèjì ààlà, ọ̀dàn onígi ni ó tẹ́ lọ: igi òrí, igi igbá tí a ń fi èso rẹ̀ ṣe irú, apá, ọ̀gánwó, àyìn. Lẹ́bàá odò Mono àti àwọn odò kéékèèké tó ń wọ inú rẹ̀ ni igbó ti ń ki. Láàrin ilẹ̀ Tchamba àti ti Tchaoudjo ni igbó Abdoulaye wà, tí ìwé ìjọba kà sí 30,000 hẹ́kítà. Igbó yìí ni gbogbo ìtàn wa yóò máa yí ká.

Ilé-ìwé àkọ́kọ́ jẹ́ ti ọdẹ àti ti àgbẹ̀. Ẹni tó bá rò pé ilé-ìwé yìí kò ní ètò, kí ó wo àwọn ọ̀rọ̀ inú èdè wa. A kì í pe gbogbo ibi tí igi wà ní orúkọ kan. Ọ̀dàn ni ibi tí koríko ti pọ̀ ju igi lọ tí oòrùn ń kan ilẹ̀. Igbó ni ibi tí igi ti pa orí pọ̀. Ẹgàn ni igbó ńlá tí àdá kò tíì wọ̀. Àkùrọ̀ ni ilẹ̀ ẹ̀bá odò tí ọ̀rinrin rẹ̀ kì í tètè gbẹ, tí a lè gbin ẹ̀fọ́ sí nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Ahoro ni ibi tí ènìyàn ti gbé rí tí wọ́n sì ti ṣí kúrò. Ní 1979, onímọ̀ ará Jámánì kan, Hartmut Ern, pín gbogbo ilẹ̀ Tógò sí agbègbè márùn-ún gẹ́gẹ́ bí ewéko orí wọn ti rí, iṣẹ́ ńlá sì ni, tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ṣì ń lò títí di òní. Ṣùgbọ́n ọmọ ọdún mẹ́wàá tó ń bá bàbá rẹ̀ lọ sóko ti ń fi ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ pín ilẹ̀ kó tó mọ̀ pé ìpín ni òun ń ṣe.

Ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ ọdẹ kì í kọ́kọ́ gbé ìbọn. Ẹrù ni ó ń gbé, ẹnu ni ó ń pa mọ́, ojú ni ó ń lò. Ọ̀gá rẹ̀ lè má sọ ju ọ̀rọ̀ mélòó kan lọ ní gbogbo òwúrọ̀. Ọmọ náà á kọ́ láti mọ ẹsẹ̀ àgbọ̀nrín yàtọ̀ sí ẹsẹ̀ ẹtu, láti mọ ibi tí ìmàdò ti tú ilẹ̀ yàtọ̀ sí ibi tí túùkú ti tú u. Á mọ̀ bóyá imí ẹran jẹ́ ti àná tàbí ti òwúrọ̀ yìí. Á mọ igi tí èso rẹ̀ ń jábọ́ lóṣù yìí, nítorí abẹ́ rẹ̀ ni ẹran yóò wá. Á mọ ibi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́ wá, nítorí ẹni tí atẹ́gùn bá gbé òórùn rẹ̀ ṣáájú ti pàdánù kí ó tó dé. Ìdánwò rẹ̀ kò ní ìwé ẹ̀rí. Bí ó bá ṣì í mọ̀, ebi ni yóò sọ fún un.

Àgbẹ̀ náà ní tirẹ̀. Bí èkan bá ti gba ilẹ̀ kan, ó mọ̀ pé ilẹ̀ náà ti rẹ̀, ó yẹ kí ó sinmi. Bí ó bá rí igi osè kan tó dá dúró láàrin ọ̀dàn, yóò fura pé àwọn ènìyàn ti gbé ibẹ̀ rí, nítorí osè sábà máa ń bá ibùgbé ènìyàn rìn. Irú ẹ̀rí bẹ́ẹ̀ ni òpìtàn ń wá kiri. Igi tí baba ńlá kan jẹ èso rẹ̀ tó sì ju irúgbìn rẹ̀ sílẹ̀ lè sọ ibi tí ìlú àtijọ́ wà fún wa nígbà tí kò sí ògiri kan tó ṣẹ́kù.

Ní ilẹ̀ Yorùbá ní Nàìjíríà, ìjálá àwọn ọdẹ ni ó tọ́jú púpọ̀ nínú ẹ̀kọ́ yìí: oríkì ẹfọ̀n, oríkì erin, oríkì igi, tí ìwà àti ìrísí wọn wà nínú ọ̀rọ̀. Adébóyè Babalọlá kó ọ̀pọ̀ nínú wọn jọ sínú ìwé tí a tẹ̀ ní Oxford ní 1966. Àwọn ọ̀jọ̀gbọ́n lítíréṣọ̀ ni wọ́n sábà ń ka ìwé náà. Ó ti yẹ kí àwọn onímọ̀ ẹranko náà máa kà á.

Àwọn olùkọ̀wé dé ní 1888. Ní ọdún náà ni Ludwig Wolf dá ibùdó Bismarckburg sílẹ̀ ní ilẹ̀ Adele, ní ìwọ̀-oòrùn gúúsù Sokodé. Ibùdó ìwádìí ni wọ́n pè é. Wọ́n ń wọn òjò àti ooru níbẹ̀, wọ́n ń kó ewéko àti kòkòrò ránṣẹ́ sí Jámánì. Richard Büttner ń bá iṣẹ́ náà lọ lẹ́yìn tí Wolf kú ní 1889. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ọ̀rọ̀ “ìwádìí” tàn wá jẹ: ẹni tó ń wọn òjò náà ni ó ń ṣe àdéhùn pẹ̀lú àwọn ọba, tó sì ń ya àwòrán ọ̀nà tí ọmọ ogun yóò gbà. Kersting tó wá jókòó sí Sokodé lẹ́yìn wọn wà lára àwọn tó fi ogun tẹ àríwá Tógò lórí ba. Síbẹ̀, ojú rẹ̀ mọ́lẹ̀ sí ewéko. Yàtọ̀ sí ẹ̀wà náà, àwọn igi ọ̀dàn mìíràn ń jẹ́ orúkọ rẹ̀ nínú ìwé: Monotes kerstingii, Commiphora kerstingii, Lannea kerstingii. Ó ṣòro láti gbà pé ọkùnrin tó ní ìlú tó ń ṣàkóso, ẹjọ́ tó ń dá àti owó orí tó ń gbà, ni ó ń dá wọ inú igbó kiri láti wá gbogbo wọn. Àwọn kan mú un dé ìdí igi wọ̀nyẹn. Orúkọ tí àwọn yẹn ń pe igi náà ni wọ́n fi sọ fún un kí ó tó di ti Látìn.

Ewé gbígbẹ tí wọ́n lẹ̀ mọ́ bébà ni ìwé ẹ̀rí àwọn onímọ̀ ewéko. Ilé ìkóewésí Berlin-Dahlem ni púpọ̀ nínú èyí tó ti Tógò lọ wà. Ní oṣù kẹta ọdún 1943, bọ́ǹbù balẹ̀ sí ilé náà nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, èyí tó pọ̀ jù nínú ewé inú rẹ̀ sì jóná. Ẹ̀rí tí wọ́n kó láti Sokodé dé òkun, láti òkun dé Jámánì, di eérú ní alẹ́ ọjọ́ kan. Àwọn igi náà fúnra wọn ṣì dúró ní ọ̀dàn. Ó gba ìgbà pípẹ́ kí àwọn ará Berlin tó padà wá sí Tógò láti tún kó òmíràn. Hiepko àti Scholz láti Berlin-Dahlem, pẹ̀lú Brunel, tẹ ìwé ńlá kan jáde ní 1984, Flore analytique du Togo, tí akẹ́kọ̀ọ́ ewéko kankan ní Lomé kò lè ṣe láìsí i.

Nínú gbogbo ohun tí àwọn àlejò kọ́ níbí, iná ni ó fa àríyànjiyàn jù. Oskar Metzger, olùtọ́jú igbó fún ìjọba Jámánì, gbàgbọ́ pé igbó Tógò ti tán, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbin igi tíìkì kí Jámánì tó pàdánù Tógò ní oṣù kẹjọ ọdún 1914. André Aubréville, ará Faransé, tẹ ìwádìí tirẹ̀ lórí igbó Dahomey àti Tógò jáde ní 1937. Lójú rẹ̀, ọ̀dàn tí a ń rí yìí jẹ́ òkú igbó. Iná àgbẹ̀ àti iná ọdẹ ni ó pa á. Èrò yìí di òfin. Láti ìgbà náà, ẹni tó bá ṣáná sí koríko di ọ̀daràn lójú àwọn òṣìṣẹ́ igbó.

Ilẹ̀ Yorùbá ni wọ́n ti dán ọ̀rọ̀ náà wò. Ní Olókèmejì, láàrin Abẹ́òkúta àti Ìbàdàn, ẹ̀ka ìjọba tó ń bójú tó igbó ní Nàìjíríà ya ilẹ̀ mẹ́ta sọ́tọ̀ ní 1929. Ọ̀kan, wọ́n ń sun ún lọ́dọọdún ní ìparí ẹ̀ẹ̀rùn, nígbà tí koríko ti gbẹ táútáú. Èkejì, wọ́n ń sun ún ní ìbẹ̀rẹ̀ ẹ̀ẹ̀rùn, nígbà tí koríko ṣì ní omi díẹ̀ lára. Ẹ̀kẹta, iná kò gbọdọ̀ kàn án. Charter àti Keay kọ àbájáde rẹ̀ jáde ní 1960, lẹ́yìn 28 ọdún ìdánwò. Ilẹ̀ tí iná kò kàn ti di igbó. Èyí tí iná ìparí ẹ̀ẹ̀rùn ń jó di ọ̀dàn tó ṣí sílẹ̀. Èyí tí wọ́n ń tètè sun wà láàrin méjèèjì, igi sì ń dàgbà lórí rẹ̀. Aubréville jàre ní apá kan: iná lè sọ igbó di ọ̀dàn. Ṣùgbọ́n “iná” kì í ṣe nǹkan kan. Ọdẹ tó sun koríko ní kété tí ọyẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́, kí koríko tútù lè hù fún ẹran, ati àgbẹ̀ tó tètè sun etí oko rẹ̀ kí iná ńlá má baà wọ inú rẹ̀ nígbà tó bá yá, ìyàtọ̀ tí wọ́n fi ìdánwò ọdún 28 wá rí ni wọ́n ń lò. Òfin tó fi gbogbo iná sí abẹ́ ẹ̀ṣẹ̀ kan lè mú kí koríko pọ̀ jọ títí dé ìparí ẹ̀ẹ̀rùn, kí iná tó burú jù sì jó o nígbà náà.

Àyìn fi ohun mìíràn hàn. Igi yìí, tí a ń rún bí orin, kò fẹ́ràn iná nígbà èwe rẹ̀, ṣùgbọ́n bí iná bá ti yẹra fún ilẹ̀ kan fún ọdún díẹ̀, òun wà lára àwọn tó ń kọ́kọ́ gba ibẹ̀, kódà lórí oko àtijọ́ àti ahoro. Nítorí náà, igbó àyìn lè jẹ́ ọmọ ìlú tó ti tú, bẹ́ẹ̀ ni olówó ìwé sì lè rí i kí ó pè é ní ìyókù igbó àtètèkọ́ṣe. James Fairhead àti Melissa Leach ló gbé irú ìbéèrè yìí dìde nípa ilẹ̀ Guinea ní 1996. Ní 1998, wọ́n nà án dé Benin àti Tógò. Wọ́n fi hàn pé àwọn aláṣẹ ti ka ilẹ̀ náà ní àkàyípo lọ́pọ̀ ibi: wọ́n rí igbó ní ẹ̀bá abúlé, wọ́n ní àwọn ará abúlé ni ó jẹ ìyókù run, nígbà tó jẹ́ pé àwọn ará abúlé gan-an ni ó mú igbó náà hù.

Àṣẹ ọjọ́ 5 oṣù kejì ọdún 1938 ni ó ṣètò òfin igbó Tógò lábẹ́ Faransé, ó sì wà lẹ́nu iṣẹ́ títí òfin igbó tuntun fi dé ní oṣù kẹfà ọdún 2008. Lábẹ́ rẹ̀ ni wọ́n ti kéde Abdoulaye ní igbó ìjọba ní 1951. Oko kò gbọdọ̀ wọ ibẹ̀ mọ́. Ẹ̀tọ́ díẹ̀ ṣẹ́kù lórí ìwé. Fún ilé-ìwé àkọ́kọ́ tí mo sọ lókè, ọjọ́ ìkéde náà ni ọjọ́ tí wọ́n ti ìlẹ̀kùn kíláàsì. Báwo ni ọ̀gá ọdẹ yóò ṣe mú ọmọ rẹ̀ lọ kọ́ ẹsẹ̀ ẹran níbi tí wọ́n ti lè mú àwọn méjèèjì? Ìṣọ́ náà tún le sí i lẹ́yìn òmìnira, àwọn òṣìṣẹ́ igbó sì ń fi ìbọn ṣe é. Nígbà tí rògbòdìyàn ìṣèlú bẹ́ sílẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1990, àwọn ènìyàn tú wọ inú àwọn igbó ìjọba káàkiri Tógò pẹ̀lú ọkọ́ àti ìbọn. Ẹran púpọ̀ kú. Èmi kò ní dá àwọn tó pa wọ́n láre, nítorí ohun tí wọ́n pa jẹ́ ogún àwọn ọmọ wọn pẹ̀lú. Ṣùgbọ́n ẹni tí a ti fi ogójì ọdún sọ fún pé igbó kì í ṣe tirẹ̀ kò ní tọ́jú rẹ̀ lọ́jọ́ tí ẹ̀ṣọ́ bá sá.

Láti ìgbà náà, ọwọ́ àwọn ọmọ Tógò fúnra wọn ni ẹ̀kọ́ náà bọ́ sí. Yunifásítì Lomé, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1970, ń rán àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ lọ sí Abdoulaye láti ka igi, láti wọn ìbú ara wọn, láti kọ irú wọn sílẹ̀. Ní 2013, wọ́n tẹ ìwádìí kan jáde lórí onírúurú igi inú igbó gbígbẹ rẹ̀. Inú mi dùn sí i. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi tẹ̀ ẹ́ jáde, gẹ́gẹ́ bí ayé ìmọ̀ ti ń béèrè. Ọmọ Kambolé tó ń gbé ní ẹ̀gbẹ́ igbó náà yóò kọ́kọ́ kọ́ èdè Faransé, lẹ́yìn náà Gẹ̀ẹ́sì, kí ó tó lè ka ohun tí wọ́n kọ nípa igi ẹ̀yìnkùlé rẹ̀.

Ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni mo rò pé ọ̀rọ̀ náà dun jù. Ẹ̀kọ́ tí Faransé ń pè ní leçon de choses dára ní ìpilẹ̀ rẹ̀: kí ọmọ fojú rí nǹkan, kí ó fọwọ́ kàn án, kí ó tó kọ orúkọ rẹ̀. Nílẹ̀ wa, orúkọ náà ti wá láti òkèèrè, nǹkan náà sì wà lóde. Àtúnṣe ètò ẹ̀kọ́ ọdún 1975 mú Ewe àti Kabiyè wọ ilé-ìwé. Tem kò sí níbẹ̀, èdè Kambolé kò sí níbẹ̀. Láti 1977, ọjọ́ kìn-ín-ní oṣù kẹfà ni ọjọ́ igi ní Tógò, tí àwọn ọmọ ilé-ìwé ń gbin igi. Ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ inú ẹgbẹ́ wa, ẹ ti gbin igi lọ́jọ́ náà rí. Ó dára bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀sán ọjọ́ kan tó, kí ẹ tẹ̀lé ìyá àgbà kan tó ń ṣa èso òrí, kí ẹ kọ orúkọ gbogbo igi tó bá nawọ́ sí, bí ó ṣe pè é gan-an, pẹ̀lú ohun orí rẹ̀. Ẹ kọ ohun tí a ń fi í ṣe, oṣù tó ń tan òdòdó, ẹran tó ń jẹ èso rẹ̀. Ẹ kọ orúkọ ẹni tó sọ ọ́ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, bí ó bá gbà, èyí tí Kersting kò ṣe.

Mo mọ igi tí mo fẹ́ kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀. Pterocarpus erinaceus ni ìwé Látìn ń pè é. Àwọn olówò pákó ní Tógò ń pè é ní madrier, àwọn Faransé ń pè é ní vène. Wọ́n ti gé e tó bẹ́ẹ̀, tí wọ́n ń kó o gba ojú òkun lọ sí Éṣíà, tí àjọ CITES fi fi í sí abẹ́ ìṣọ́ òwò àgbáyé ní 2017. Orúkọ mẹ́ta wọ̀nyí wà nínú ìwé àwọn aṣọ́bodè. Ní Kambolé, àwọn àgbà tó ń fi orúkọ kẹrin pè é ṣì wà láàyè, wọ́n ṣì lè mú ọmọ ilé-ìwé dé ìdí rẹ̀, kí wọ́n fi ọ̀bẹ kan èèpo rẹ̀ díẹ̀, kí ó fi ojú ara rẹ̀ rí oje pupa tó ń sun jáde bí ẹ̀jẹ̀.